Mo Tì Í, N Ò Mọ̀ Pé Ó Wà Nínú Ẹ̀

Gbólóhùn méjì péré ni wọ́n fẹ́ fi gbé wẹ́dà náà lọ sẹ́wọ̀n. Ọlọ́pàá kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́púrà ló fi bírò pupa kọ ọ́ sílẹ̀, wẹ́dà sì tẹ̀ka sí i nísàlẹ̀: "Mo tì í. N ò mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀." Kò sí nǹkan kan ṣáájú ẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Kọ́púrà kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó yege ìdánwò.

Dákẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe wẹ́dà yìí, orúkọ náà sì bá a mu ju ṣòkòtò ẹ̀ lọ. Ẹ kí i, á mi orí. Ẹ bi í léèrè iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yín máa gbà, á na ìka méjì. Ìyàwó ẹ̀ máa ń sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun ń sọ láti Mọ́ńdè dé Sátidé, tí wọ́n bá dà á sínú ṣíbí, ṣíbí ò ní kún. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jó irin méjì pọ̀, òòlù ò lè yà wọ́n.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ yìí gan-an ló há a mọ́. Yàrá tí wọ́n fi í sí ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin síbí, mẹ́ta sọ́hùn-ún. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé kan ṣoṣo tó ní irin gbọọrọ mẹ́fà. Òun fúnra ẹ̀ ló jó irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń tún àgọ́ ọlọ́pàá ṣe. Láti ìgbà tílẹ̀ ti mọ́ ló ti ń wo ibi tó ti jó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó gbàgbé ibì kan. Kò gbàgbé ibì kankan, ó mà ṣe o.

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mọ́tò ń bọ̀ wá gbé ẹ," Kọ́púrà sọ fún un. "Tí Awọnlẹ̀ bá sì kú kó tó dìgbà yẹn, ẹjọ́ ẹ ti yí padà nìyẹn."

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, ìyàwó ẹ̀ ń sunkún láìpariwo. Dákẹ́jẹ́ ń gbọ́ bó ṣe ń fọn imú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Túsìdè ò díjú rárá lójú ọlọ́pàá. Awọnlẹ̀, ọkùnrin tó ń bá àwọn èèyàn wọn ilẹ̀ nínú igbó, gbé jíìpù ẹ̀ wá sí ọgbà Dákẹ́jẹ́. Nígbà tó máa fi di aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, wọ́n bá a ní dídákú nínú ẹ̀yìn jíìpù ọ̀hún, tí ooru ti yan án bí ẹni yan àgbàdo. Kò sì síbi tó lè gbà jáde. Irin alásẹ́ ni Dákẹ́jẹ́ fi dí àárín ìjókòó àti ẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá, kí àwọn irinṣẹ́ má baà máa fò bọ́ síwájú. Gíláàsì ẹ̀yìn ò ṣeé ṣí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan ló kù, iwájú ilẹ̀kùn yẹn sì ni ẹ̀sítírà táyà wà, lórí apá irin kan tí Dákẹ́jẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ bọ́ńpà. Apá náà máa ń ṣí bíi géètì. Bí wọn ò bá kọ́kọ́ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn ò lè ṣí, ì báà jẹ́ láti inú, ì báà jẹ́ láti ìta. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, apá wà ní pípadé, ìkọ́ ẹ̀ sì mú dáadáa. Wákàtí kan ààbọ̀ ni Awọnlẹ̀ lò nínú ooru yẹn. Ọjọ́ kẹta rèé, kò tíì lajú ní ọsibítù.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Obìnrin kúkúrú kan wọlé, ó fi bàtà gíga ẹ̀ sọ́wọ́, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, súìtì mínìtì sì wà lẹ́nu ẹ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ ni. Wò-ó-tún ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń pè é tí kò bá sí nítòsí, torí kò sí ẹjọ́ tí wọ́n máa gbé fún un kó má sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká wò ó tún." Ó ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ba ìsinmi ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá jẹ́.

"Mà, ẹjọ́ yìí ti parí," Kọ́púrà wí. "Ó ti jẹ́wọ́."

Obìnrin náà gba ìwé ọ̀hún, ó kà á, ó yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó tún."

Kọ́púrà mí kanlẹ̀.

"Dákẹ́jẹ́, ìwọ lo sọ èyí?"

Ó mi orí.

"Kí lo tì?"

"Mọ́tò."

"Ẹ gbọ́ báyìí, Mà," Kọ́púrà bọ́ sí i. "Ó ti mọ́tò! Lójú yín náà ló ṣe tún un sọ."

"Báwo lo ṣe tì í? Fi hàn mí."

Dákẹ́jẹ́ dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó sì fi gbogbo agbára taari afẹ́fẹ́ títí ó fi kan ògiri.

Súìtì dúró lẹ́nu Wò-ó-tún.

"Olúwa mi o. Kọ́púrà, nígbà tó ń sọ ọ́ fún ẹ, ṣé o wo ọwọ́ ẹ̀?"

"Mo ń kọ̀wé ni, Mà."

"O ń kọ̀wé. Ọkùnrin yìí ní òun ti mọ́tò, òun taari ẹ̀. Ìwọ gbọ́ pé ó ti mọ́tò, ó pa ilẹ̀kùn ẹ̀ dé mọ́ èèyàn."

"Mà, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́."

"Ìyẹn náà ni wàhálà ẹ̀. Ta ló ní kó o ti mọ́tò, Dákẹ́jẹ́?"

"Awọnlẹ̀. Bátìrì kú. Ó ní kí n tì í síbi òjìji."

Ọ̀rọ̀ méjìlá ò pé ńbẹ̀, àmọ́ ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ó jókòó padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ Túsìdè, ó rò pé bóyá òun máa sùn nílé òun lónìí.

Ṣùgbọ́n Kọ́púrà kì í ṣe òmùgọ̀, ó kàn máa ń kánjú ni.

"Ó dáa, Mà. Ká ní ó taari ẹ̀ lóòótọ́. Ta ló wá pa apá táyà dé? Apá yẹn ní píìnì. Tí wọ́n bá ṣí i, píìnì ni wọ́n máa ń kì bọ ihò kan lẹ́bàá híńjìsì, á sì dúró gbọin. Èèyàn gbọ́dọ̀ yọ píìnì yẹn kó tó lè padà. Ojúlówó, ọkùnrin tó ta apá náà, ló kọ́kọ́ débẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì ti rí píìnì. Ẹnì kan yọ ọ́, Mà. Ta ló tún wà nínú ọgbà yẹn yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó síwájú wa yìí?"

Wò-ó-tún yíjú sí Dákẹ́jẹ́. Dákẹ́jẹ́ wolẹ̀.

Ohun kan wà nínú ẹ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ihò yẹn ni. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ de ohun tó fẹ́ pa Awọnlẹ̀ mọ́ mọ́tò. Bí kò bá sọ ọ́, aago mẹ́rin ń bọ̀. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, kò rọ́nà kankan. Ó pa ẹnu ẹ̀ dé, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ó dáa," obìnrin náà wí. "Ẹ pe àbúrò Awọnlẹ̀ wọlé."

* * *

Agérun ni àbúrò Awọnlẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì mú ju abẹ ẹ̀ lọ. Kò tíì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Mà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún yín. Wọ́n ní mo sọ ní Sátidé pé apá yẹn máa pa ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan. Mo sọ ọ́!"

"Kí ló dé tó o sọ ọ́?"

"Torí òótọ́ ni! Gbogbo wa la jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù Ojúlówó: èmi, ẹ̀gbọ́n mi, Dákẹ́jẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ra táyà ńláńlá tí wọ́n fi ń wọ inú ẹrẹ̀. Táyà yẹn wúwo ju ohun tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè gbé lọ, ilẹ̀kùn ti ń fì. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá apá. Méjì ni Ojúlówó gbé síta. Àwọn méjèèjì ló ń ṣí sọ́wọ́ òsì. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ wá èyí tó ń ṣí sọ́tùn-ún. Tẹ́ ẹ bá páàkì sẹ́bàá títì, tí apá yín nà gbọọrọ sójú ọ̀nà báyẹn, tírélà á gbá ẹ̀yin àti apá lọ. Ó ní òun ò ń páàkì sẹ́bàá títì, inú igbó lòun ń lọ. Mo ní ṣé kò sí mọ́tò ẹlòmíì nínú igbó ni? Ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ ìjà nìyẹn."

"Èwo ló wá mú nínú méjèèjì?"

"Ṣebí Dákẹ́jẹ́ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ó bi í pé èwo ló dáa. Ọ̀kan fúyẹ́, ihò wà lára ẹ̀, àmọ́ kò ní píìnì. Ìkejì ní píìnì. Dákẹ́jẹ́ nàka sí èyí tó ní píìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí nìdí? Ó ní, 'Á dúró.' Ó tán o! Èmi sọ̀rọ̀ ìdajì wákàtí, wọn ò dá mi lóhùn. Òun ní 'Á dúró,' wọ́n sì rà á."

"Wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀?"

"Rárá. Ojúlówó ní òun máa gbé e wá sí ọgbà Dákẹ́jẹ́ fúnra òun ní Mọ́ńdè. N ò fojú kàn án mọ́ lẹ́yìn ìyẹn."

"Ní Túsìdè, láti aago kan sí méjì ààbọ̀, níbo lo wà?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mò ń gé irun ẹnì kan. Orí ẹ̀ le, ó gbà mí lákòókò."

"Ta ni onítọ̀hún?"

Agérun wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ó wo òkè àjà, ó wá wo Kọ́púrà. Kọ́púrà fi fìlà ẹ̀ bo orí tó ń dán.

"Ó tó," Wò-ó-tún sọ. "Máa lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi. Kọ́púrà, fi ṣẹ́kẹṣẹkẹ̀ sí Dákẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ká lọ sí ọgbà ẹ̀. Jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ náà máa bọ̀, ó ti sunkún tó."

* * *

Ọgbà náà ò tóbi. Géètì méjì tí kò tíì parí dùbúlẹ̀ ní ìpẹ̀kun ẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí máṣíìnì tí Dákẹ́jẹ́ fi ń lọ irin wà, pẹ̀lú ohun tó máa ń fi bo etí. Jíìpù ṣì wà lẹ́bàá ògiri níbi tí wọ́n fi í sí, òkúta níwájú táyà ẹ̀. Àárín ọgbà tẹ́jú, ṣùgbọ́n lẹ́bàá ògiri, ilẹ̀ ṣe gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Bẹ́ ẹ bá dúró lẹ́yìn jíìpù náà, ẹ máa rí i pé ó fì sọ́wọ́ ọ̀tún.

Dákẹ́jẹ́ ò fẹ́ wò ó. Ọgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá wá dà bí ibi tí kò dé rí, ṣẹ́kẹṣẹkẹ̀ sì ń ha á lọ́rùn ọwọ́.

"Iwájú lo ti tì í?" Wò-ó-tún béèrè.

Ó mi orí, ó fi àgbọ̀n ẹ̀ júwe bónẹ́ẹ̀tì. Jíìpù náà ga, bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó o láyà.

"Apá ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí nígbà yẹn?"

"Ọ̀dà. Ìkọ́ ò tíì gbẹ."

"Awọnlẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń lọ." Ó wo géètì ìta. "Ó ń tẹ fóònù."

Wò-ó-tún rọra yí apá táyà ṣí. Píìnì wà lára okùn kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn. Ó kì í bọ ihò, apá náà sì dúró gbọin. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹjú wo inú. Àpótí irinṣẹ́ ìwọ̀nlẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, okùn tí wọ́n fi dè é ti tú.

"Mo ti rí i," ó ní. "Ó ti dé ẹnu géètì kó tó rántí àpótí ẹ̀. Ó padà, ó gun ẹ̀yìn mọ́tò láti dì í mú kó má baà ṣubú. Ìwọ wà níwájú, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í taari. O ò rí i, òun náà ò sì pè ọ́, torí òun ló ní kó o tì í. Lẹ́yìn náà, kí lo ṣe?"

"Mo fi òkúta sí táyà. Mo lọ lọ irin."

"Pẹ̀lú nǹkan yẹn létí."

Ó mi orí. Omi ti dé ojú ẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ méjì nìyẹn: ọkùnrin yẹn ń gbá ilẹ̀kùn, òun sì ń lọ irin.

Wò-ó-tún fara ti apá náà, ó yọ píìnì, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó wo apá táyà, ó tún wo píìnì.

"Ìgbà wo lo kun apá yìí?"

"Mọ́ńdè."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí kan híńjìsì? Títí kan nọ́ọ̀tì?"

"Gbogbo ẹ̀, Mà."

Lóòótọ́, dúdú ni gbogbo apá náà láti òkè délẹ̀. Nọ́ọ̀tì dúdú, ìkọ́ dúdú. Píìnì ọwọ́ obìnrin náà nìkan ló ń dán yinrin bíi ṣíbí tuntun. Kò sí ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo lára ẹ̀. Wò-ó-tún wo Dákẹ́jẹ́ pẹ́, Dákẹ́jẹ́ sì mọ̀ pé obìnrin yìí ti rí ohun tó wà nínú òun. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

"Ojúlówó ń bọ̀, Mà," Kọ́púrà ké láti ẹnu ọ̀nà.

* * *

Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀bù Ojúlówó wà, ibẹ̀ ló ti ń ta páàtì mọ́tò. Ojúlówó lorúkọ tó sọ ara ẹ̀, torí kò sí ohun tó ń tà tí kò ní fi ọwọ́ gbá láyà pé ojúlówó ni. Ó wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn.

"Madaàmu wa! Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi lẹ ránṣẹ́ pè? Èmi tí mo gba ẹ̀mí èèyàn là?"

"Ẹ̀yin náà ni, ọ̀gá. Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

Bó ti ń sọ̀rọ̀, Wò-ó-tún ṣì fara ti apá táyà tó wà ní ṣíṣí, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro. Ìka ẹ̀ bo ihò.

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá apá bá jíìpù mu," Ojúlówó bẹ̀rẹ̀. "Mo yí i ṣí, mo ṣílẹ̀kùn, yéè! Awọnlẹ̀ rèé! Mo figbe ta. Àwọn èèyàn rọ́ wá, wọ́n gbé e lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí píìnì nílẹ̀. Àánú ṣe mí, mo he é, mo kì í bọ àyè ẹ̀. Mo ní, ha, ẹnì kan mà fẹ́ pa ọkùnrin yìí!"

Bó ṣe dé ibẹ̀ yẹn, kò wo Dákẹ́jẹ́.

"Píìnì wà lára apá nígbà tẹ́ ẹ gbé e wá ní Mọ́ńdè?"

"Ó wà ńbẹ̀ gbọin-gbọin, Madaàmu."

"Kí Dákẹ́jẹ́ tó kùn ún tàbí lẹ́yìn tó kùn ún?"

"Kó tó kùn ún ni. Ojú mi ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún."

"Kọ́púrà, kọ ọ́ sílẹ̀. Kó o sì máa wo ọwọ́ ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ká ní kò sí píìnì. Ṣé apá yìí lè dá padà fúnra ẹ̀?"

"Láyé! Ojúlówó ni. Híńjìsì ẹ̀ le, ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí ló máa wà. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ tì í."

"Tì í báwo?"

"Kó pa á dé, Madaàmu! Kí ni tì í tún túmọ̀ sí?"

Kọ́púrà wúkọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Wò-ó-tún wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi bẹ́ ẹ ṣe bá a hàn mí."

Ojúlówó gbé ẹsẹ̀ kan lé bọ́ńpà. Wò-ó-tún ṣí ìka ẹ̀ kúrò lórí ihò. Ojú ọkùnrin náà lọ síbẹ̀ lọ́gán, ó sì sọ ẹsẹ̀ ẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó tẹ iná.

"Píìnì dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ kọ́kọ́ fi í síbẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣebí ẹ ní kò lè dá padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́..."

"Ẹ wọlé, ọ̀gá. Ojúlówó ni."

"Madaàmu, orí ń fọ́ mi."

"Ẹ dúró sọ́hùn-ún nígbà yẹn." Ó yẹra kúrò lára apá.

Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, apá ò mira. Lẹ́yìn náà, táyà ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, díẹ̀díẹ̀, láti òsì bọ̀ sọ́tùn-ún, síbi tí jíìpù fì sí. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti yára. Ó gbá ilẹ̀kùn dé, gbàgà! Ìkọ́ dáhùn, káká. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Dákẹ́jẹ́ mọ ìró yẹn. Ó gbọ́ ọ ní Túsìdè bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi òkúta sí táyà, ó sì rò pé òkúta ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sì sáré wá dì í mú.

"Ọ̀gá," Wò-ó-tún sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ọkùnrin yìí kun gbogbo apá, títí kan nọ́ọ̀tì. Píìnì yín ò ní ọ̀dà kankan lára. Lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ ló débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó tún. Apá wo lẹ gbé wá ní Mọ́ńdè?"

Gbogbo ọ̀yàyà Ojúlówó ti bọ́ sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

"Èyí tó ní píìnì ti lọ," ó ní. "Oníbàárà mìíràn gbé e lọ́sàn-án Sátidé náà. Èyí tí kò ní ló kù. Mo ní tó bá yá, mo máa wá píìnì tó bá a mu. Ta ló rò pé ó máa dà báyìí?"

"Nígbà tí wọ́n gbé Awọnlẹ̀ jáde ńkọ́?"

"Mo rí i pé apá ti dá padà fúnra ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bí gbogbo wọn ṣe ń sáré lọ ọsibítù, mo sọdá lọ mú píìnì àti okùn ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ wá sọ pé ẹnì kan ló yọ ọ́. Ẹ sì mọ ẹni kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà. Ẹ ò rò ó pé ó lè sọ pé kò sí píìnì níbẹ̀ rí?"

Ojúlówó gbé ojú sókè, ó wo Dákẹ́jẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Mo mọ̀ pé kò ní sọ̀rọ̀," ó ní. "Kì í sọ̀rọ̀."

Ìyàwó Dákẹ́jẹ́ ṣépè fún un, èpè gígùn tó mú baba àti ìyá ẹ̀ dání. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́kun.

Fóònù Kọ́púrà dún. Ó gbọ́ ọ, ojú ẹ̀ yí padà.

"Mà, ọsibítù ni. Awọnlẹ̀ ti lajú! Ó ń bú wẹ́dà kiri pé kò wá wo òun. Ó ní òun fúnra òun lòun ní kó tì í." Ó dúró díẹ̀. "Ó ní kó taari ẹ̀, Mà. Mo bi wọ́n kí n tó gbà á gbọ́."

"O ti ń gbọ́n," Wò-ó-tún wí. "Tú ọkùnrin yìí sílẹ̀, kó o sì fi nǹkan yẹn sí ọ̀gá lọ́wọ́."

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ṣẹ́kẹṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Dákẹ́jẹ́. Obìnrin náà lọ́ra lẹ́yìn, ó ń pààrọ̀ sílípáàsì sí bàtà gíga, ẹsẹ̀ kan lókè.

"Dákẹ́jẹ́. Ìwọ náà rí ihò yẹn ní Mọ́ńdè."

"Mo rí i, Mà. Mo bi Ojúlówó. Ó ní híńjìsì le."

"Kí lo sọ fún Awọnlẹ̀?"

Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹnu sọ ọ́. "N ò sọ nǹkan kan."

"Ká ní o sọ ọ́ fún wa ní Túsìdè, o ò ní sùn ní àgọ́ wa. Ìyẹn kéré. Ká ní o sọ ọ́ fún onímọ́tò ní Mọ́ńdè..." Kò parí ẹ̀. Ó ju súìtì mìíràn sẹ́nu. "Kò sí òfin tí mo lè fi mú ẹ fún ìyẹn. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wà ní ọsibítù."

* * *

Yàrá kékeré ni wọ́n fi Awọnlẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, okùn omi lọ́wọ́ ẹ̀. Ètè ẹ̀ ti bó, ìka ẹ̀ méjì sì wú níbi tó ti fi gbá irin. Nígbà tí Dákẹ́jẹ́ wọlé, ariwo àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ó sì yíjú padà láti pa ilẹ̀kùn dé, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí.

"Má tì í!"

Ohùn Awọnlẹ̀ já. Gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin tó máa ń dá wọ igbó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Jọ̀ọ́, Dákẹ́jẹ́. Má tì í."

Dákẹ́jẹ́ ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu títí ó fi kan ògiri. Ó fi í sílẹ̀ wò, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọra padà. Ó bá gbé àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó fi dí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó fọwọ́ mi ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró.

Kò wá sí ibi tó máa jókòó sí mọ́. Ó dúró ní òòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fìlà lọ́wọ́.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ihò kan wà lára apá yẹn. Mo rí i ní Mọ́ńdè. Ó yẹ kí píìnì wà níbẹ̀, kò sí. Mo bi Ojúlówó, ó parọ́ fún mi, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí mo mọ irin. Ẹ gbé mọ́tò wá ní Túsìdè, mo dè é mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mí pé ṣé ó ti parí, mo mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Ẹ wá ń gbá ilẹ̀kùn, èmi ń lọ irin. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti Sátidé, kí n sọ gbogbo ẹ̀."

Awọnlẹ̀ wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó wo àga tó dá a dúró. Ó wá sún ẹsẹ̀ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Jókòó," ó ní. "Máa sọ ọ́."